Bí A Ṣe Ń Wọn Agbára Ilé-iṣẹ́ Agbẹjọ́rò Okòwò ní Èkó

Ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò okòwò máa ń to ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìwé tó fi ń júwe ara rẹ̀: ìdásílẹ̀ àti ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́, báńkì àti ẹ̀yáwó, ọjà ìpín ìdókòwò, epo rọ̀bì àti gáàsì, iná mànàmáná, owó-orí, ẹjọ́ ṣíṣe, òṣìṣẹ́, ilẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ. Kò sí èyí tó lágbára déédéé nínú gbogbo wọn. Ilé-iṣẹ́ kan lè wà tó jẹ́ pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè bí báńkì mẹ́ta bá fẹ́ pawọ́ pọ̀ yá ilé-iṣẹ́ epo lówó, síbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá pe oníbàárà rẹ̀ lẹ́jọ́, àfi kí ó tọ́ka oníbàárà náà sí ibòmíràn. Ìdí nìyí tí ẹni tó béèrè ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó dára jù ní Èkó kò fi lè rí ìdáhùn tó ṣeé gbára lé. Ó ní láti sọ ẹ̀ka wo, irú iṣẹ́ wo, kí ó sì béèrè ẹni tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Bí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà fi ìdí èyí hàn. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò, ní London ní ọdún 1879. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, olúkúlùkù agbẹjọ́rò ló ń dá ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, tí ó bá sì kú, iṣẹ́ náà a bá a lọ. Ní 1948 ni Bọ̀dé Thomas, Rótìmí Williams àti Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé para pọ̀ dá Thomas, Williams & Kayode sílẹ̀ ní Èkó, ọ̀kan lára àwọn àjọṣe agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ yìí pátápátá. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba ló sọ iṣẹ́ okòwò di ẹ̀ka tó dá dúró. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 1968 ní kí ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá fẹ́ máa ṣòwò ní Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀ níbí gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà. Nígbà tó di 1972, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1977, ìjọba ológun pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹnìkan ní láti kọ àdéhùn títà náà, kí ó sì sìn ín dé ọ̀dọ̀ ìjọba títí yóò fi gba ìfọwọ́sí. Láàárín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Chris Ògúnbánjọ, ọmọ Erùnwọ̀n nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n bí ní 1923 tó sì kú ní 2023, ti di ẹni tí a kò lè sọ̀rọ̀ òfin okòwò Nàìjíríà kí a má dárúkọ rẹ̀.

Ìran tó tẹ̀ lé tiwọn ló fẹ́ kí agbára náà kúrò lára ènìyàn kan, kí ó di ti ilé. Udo Udoma & Belo-Osagie bẹ̀rẹ̀ ní 1983, Banwo & Ighodalo ní 1991, Aluko & Oyebode ní 1993, Templars ní 1995. Wọ́n pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka, wọ́n fi olórí sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò dàgbà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo dípò kí wọ́n máa fi wọ́n ṣe gbogbo nǹkan. Ibi tí ètò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti ibi tó kù sí lórí ìwé ni ẹni tó ń díwọ̀n ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí oyè. Oyè Àgbà Amòfin Nàìjíríà, SAN, ni àwọn ará ìlú mọ̀ jù; Rótìmí Williams àti Nabo Graham-Douglas ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá lọ́lá ní 1975. Oyè tó níyì gidi ni. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí díẹ̀ tí wọ́n fi fún àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì, ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò rò dé Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àti Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi í jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní SAN mẹ́rin, ohun tí èyí sọ ni pé ẹ̀ka ẹjọ́ rẹ̀ lágbára. Kò sọ nǹkan kan nípa bóyá ó mọ bí a ṣe ń kọ àdéhùn ẹ̀yáwó tí báńkì márùn-ún máa fọwọ́ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù àti ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn jẹ́ oríṣi agbẹjọ́rò méjì. Ní Nàìjíríà, ìforúkọsílẹ̀ kan náà ló fún agbẹjọ́rò ní àṣẹ iṣẹ́ méjèèjì. Àṣẹ yìí ló ń tan àwọn oníbàárà jẹ, nítorí pé àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ méjì kò sọ pé ẹni náà mọ méjèèjì.

Lẹ́yìn oyè ni ìwé atọ́nà àgbáyé: Legal 500, Chambers and Partners àti IFLR1000. Lọ́dọọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi àkójọ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀ka kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú orúkọ oníbàárà tí wọ́n lè pè. Àwọn olùwádìí a bá oníbàárà sọ̀rọ̀, wọn a tún béèrè lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ mìíràn, lẹ́yìn náà ni wọn a to àwọn ilé-iṣẹ́ sí ipele. Ohun tó dára nínú wọn ni pé ẹ̀ka ni wọ́n ń wò, wọn kì í fi orúkọ ńlá bo gbogbo iṣẹ́. Nítorí pé ìlànà ìwà agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà fi ààlà sí ìpolówó, ìwé wọ̀nyí ti di fèrèsé pàtàkì tí àwọn ará òkèèrè ń gbà wo Èkó. Àléébù wọn ni pé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ tí yóò fi hàn. Èyí tó bá ní òṣìṣẹ́ tó mọ̀wé kọ dáadáa a máa hàn ju bí ó ti tó lọ, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kékeré tí oníbàárà rẹ̀ kò fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ òun níta kò ní hàn rárá. A lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni iṣẹ́ tí ẹ̀ka náà ti ṣe láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sẹ́yìn, àti ipò tó dì mú nínú rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó dúró fún ẹni tó ń yáwó àti agbẹjọ́rò tó dúró fún báńkì tó ń yáni lè jọ kọ orúkọ àdéhùn kan náà sínú àkójọ iṣẹ́ wọn; ẹlòmíràn tún lè kọ ọ́ síbẹ̀ nítorí pé ó bá wọn gba ìwé àṣẹ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ àjọ ìjọba. Kí a béèrè ẹni tó kọ àdéhùn náà ní àkọ́kọ́, ẹni tó jókòó nídìí ìdúnàádúrà, àti bóyá ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ilé-iṣẹ́ náà. Igi kan kì í dágbó ṣe: ẹ̀ka tí olórí rẹ̀ mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní igbákejì tó lè parí rẹ̀ bí olórí bá wà ní kóòtù Abùjá, ẹ̀ka ẹnìkan ni, ì báà jẹ́ agbẹjọ́rò ogún ni orúkọ wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Àmì mìíràn ni oníbàárà tó padà wá. Báńkì tó ti fi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin gbé iṣẹ́ ẹ̀yáwó fún ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan náà ti sọ̀rọ̀ ju ìwé ìyìn lọ.

Nínú ẹ̀ka ìdásílẹ̀ àti ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́, òfin tuntun ló ya àwọn tó mọ iṣẹ́ sọ́tọ̀. Òfin ilé-iṣẹ́, CAMA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 rọ́pò ti 1990. Ó gba ẹnìkan láàyè láti dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, ó ní kí a fi àwọn tó ni agbára gidi lórí ilé-iṣẹ́ hàn, ó sì mú ọ̀nà wá tí ilé-iṣẹ́ tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn fi lè wà lábẹ́ alábòójútó kó má bàa tú ká. Ṣáájú rẹ̀, òfin ìfigagbága àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, ti gba ìfọwọ́sí ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ SEC, àjọ tó ń ṣe àbójútó ọjà ìpín ìdókòwò, ó gbé e fún FCCPC, àjọ ìfigagbága àti ààbò oníbàárà. Ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó lágbára níhìn-ín ni èyí tó lè sọ fún oníbàárà kí ó tó san kọ́bọ̀ pé àjọ báyìí báyìí yóò béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti ṣeé ṣe kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́ tó, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó rẹ̀ bí ọ̀kan bá kọ̀.

Ẹ̀ka epo rọ̀bì ló ń dán gbogbo èyí wò jù. Ní oṣù Kejì 2022, ilé-iṣẹ́ epo Seplat kéde pé òun fẹ́ ra Mobil Producing Nigeria Unlimited lọ́wọ́ ExxonMobil ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.28 dọ́là. Oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Láàárín àkókò náà, NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, lọ sí kóòtù láti dá títà náà dúró nítorí ẹ̀tọ́ tó ní òun ní láti kọ́kọ́ rà. Ìfọwọ́sí ìjọba falẹ̀ títí tí ìjọba kan fi kógbá wọlé tí òmíràn sì dé. Òfin epo tuntun, PIA ti oṣù Kẹjọ 2021, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pín iṣẹ́ àbójútó láàárín àjọ tuntun méjì. Ní irú títà bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò tó mọ òfin epo nìkan kò tó. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tó mọ owó-orí tó rọ̀ mọ́ títà, ẹni tó lè dúró ní kóòtù, ẹni tó mọ àdéhùn tí báńkì fi ń yá olùrà lówó, àti ẹni tó mọ ojúṣe ilé-iṣẹ́ sí àwọn ìlú tó wà lórí epo, nítorí pé PIA ní kí ilé-iṣẹ́ máa fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀ ọdọọdún sínú àpò ìdàgbàsókè wọn. Bí Oando ṣe ra ilé-iṣẹ́ Agip ní 2024, àti bí Renaissance ṣe gba SPDC lọ́wọ́ Shell ní oṣù Kẹta 2025, wà lára ìgbì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ agbára ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò nínú epo lónìí, kí ó wo ipa tó kó nínú irú títà wọ̀nyí kí ó tó ka ìwé àṣẹ tó ti bá ènìyàn gbà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ní ti báńkì, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ní oṣù Kẹta 2024 pé báńkì tó ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ dé òkèèrè gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 500 náírà, ti orílẹ̀-èdè bílíọ̀nù 200, ti agbègbè bílíọ̀nù 50, ó sì fún wọn títí di òpin oṣù Kẹta 2026. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: ìlànà bílíọ̀nù 25 náírà ti 2004 sọ báńkì 89 di 25 nígbà tí yóò fi di òpin 2005. Fún agbẹjọ́rò, irú àsìkò yìí ń mú iṣẹ́ ìpín títà fún ará ìlú, ìpín fún àwọn onípìn-ín àtijọ́, àti ìdàpọ̀ báńkì wá lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú òfin ìdókòwò tuntun ti 2025 tó rọ́pò ti 2007. Ẹ̀ka tó ní ènìyàn méjì péré kò lè gba iṣẹ́ báńkì mẹ́ta pọ̀ nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó ńlá tí owó rẹ̀ ti òkèèrè wá ni wọ́n ń fi òfin Gẹ̀ẹ́sì kọ. Agbẹjọ́rò London a máa kọ àdéhùn, ti Èkó a máa kọ ìwé ìdúró àti ìwé èrò òfin. Ilé-iṣẹ́ tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gba àṣẹ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, tàbí tó ní ọ̀rẹ́ tó dúró ṣinṣin ní London, wà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ dà bí ẹ̀ka kékeré, àmọ́ òun ló ń gbé àwọn ẹ̀ka ńlá ró. Òfin lílo ilẹ̀ ti 1978 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ dúró fún gbèsè gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Nínú ẹjọ́ tó kan Savannah Bank ní 1989, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìwé ìdúró tí kò ní ìfọwọ́sí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, báńkì tó sì yáni lówó kò rí ilẹ̀ náà gbà. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ń yangàn pé òun lágbára nínú ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Àláúsà, tó lè ka ìwé ilẹ̀ ìdílé, tó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ tí ìjọba ti yọ sílẹ̀ fún onílé àti èyí tó ṣì wà lábẹ́ ìgbésẹ̀ ìjọba. Bí kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, agbára ẹ̀ka ẹ̀yáwó náà kò pé.

Ẹ̀ka ẹjọ́ ni gbogbo ìlú máa ń rí, òun náà ló sì ṣòro jù láti wọ̀n, nítorí pé agbẹjọ́rò tó dára lè pàdánù ẹjọ́ tí kò dára. Ẹjọ́ okòwò kan lè lo ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó dé òpin ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí àwọn fúnra wọn yàn ni yóò gbọ́ ìjà wọn. Èkó ṣí kóòtù onílẹ̀kùn púpọ̀ fún ìlàjà ní 2002, òfin ìlàjà tuntun ti oṣù Karùn-ún 2023 sì rọ́pò ti 1988. Ó gba olówó tí kò sí nínú ìjà láàyè láti náwó sí ẹjọ́, ó sì jẹ́ kí a lè yan onídàájọ́ pàjáwìrì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ P&ID ló fi hàn jù pé ẹ̀ka àdéhùn àti ẹ̀ka ẹjọ́ kò ṣeé yà. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn gáàsì ní 2010. Kò sí iṣẹ́ tó wáyé. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní London dá a pé kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là ní 2017, èlé sì gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní kóòtù okòwò London sọ pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà: P&ID ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba lówó ẹ̀yìn, ẹ̀rí èké wọ inú ẹjọ́, ìwé àṣírí tí agbẹjọ́rò Nàìjíríà kọ fún ìjọba sì ti bọ́ sọ́wọ́ P&ID. Adájọ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn ńlá àti bí ìjọba ṣe gbèjà ara rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ náà. Owó tó tó báyìí jẹ́ owó ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, ó sì kù díẹ̀ kí ó bọ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wọn ẹ̀ka àdéhùn, kí a béèrè bóyá àwọn tó ń rojọ́ ní ilé-iṣẹ́ kan náà máa ń ka àdéhùn náà kí oníbàárà tó fọwọ́ sí i. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka méjèèjì a máa lágbára sí i. Níbi tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ń dá ilé rẹ̀ gbé, kò sí èyí tí a lè fọkàn tán tán.

Owó-orí jẹ́ ẹ̀ka tí agbẹjọ́rò ń bá àwọn aṣírò-owó dù. Aṣírò-owó lè dúró fún oníbàárà níwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀hónú Owó-orí, nítorí náà ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ohun tí aṣírò-owó kò ní, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá gòkè dé kóòtù. Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2026, ti mú kí ìmọ̀ àtijọ́ gbó kánkán. Bákan náà ni ti iná mànàmáná: àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ti 2023 àti òfin iná ọdún kan náà fún ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe àbójútó iná tiwọn. Ilé-iṣẹ́ tó mọ Abùjá nìkan ti ní àlàfo bí oníbàárà rẹ̀ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ iná kalẹ̀ ní Èkìtì tàbí Oǹdó, níbi tí ìpínlẹ̀ ti gba àbójútó náà sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ Orílẹ̀-èdè ló ń gbọ́ ẹjọ́ wọn láti ìgbà tí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ti 2010 ti fún un ní àṣẹ, ẹni tí kò mọ ìlànà kóòtù yẹn kò sì lè sọ pé òun ní ẹ̀ka náà. Iṣẹ́ ọpọlọ ń gbòòrò sí i ní Èkó nítorí orin àti fíìmù, pẹ̀lú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 àti òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ṣì fi ẹ̀ka yìí sílẹ̀ fún àwọn tó kéré jù nínú agbẹjọ́rò wọn, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kan mọ àdéhùn olórin ju wọn lọ.

Ohun tó kù ni ìforígbárí. Ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹjọ́ fún báńkì kan kò lè dúró fún ẹni tí báńkì náà ń lépa, bẹ́ẹ̀ ni bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ń tóbi ni irú ìdènà yìí ń pọ̀ sí i. Oníbàárà tó ń ṣe àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ béèrè ní kíákíá àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà kò lè bá jà nítorí rẹ̀. Agbára tí a kò lè lò nígbà ìjà kò ṣe wá lóore. Kí a sì kọ ọjọ́ sára àyẹ̀wò náà, nítorí pé alájọni kan tó bá kó agbẹjọ́rò mẹ́rin dání lọ dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lè gbé odindi ẹ̀ka kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àyẹ̀wò tó dára a máa sọ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe, ẹni tó darí wọn, igbákejì rẹ̀, oníbàárà tó padà wá, àti àwọn ẹ̀ka mìíràn nínú ilé-iṣẹ́ kan náà tí wọ́n ti jọ parí iṣẹ́ rí; lẹ́yìn ọdún méjì, ó yẹ kí a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.